Ilé Ìwé Ìjọba: Ilẹ̀kùn Ta Ni Kí A Kàn?

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bá èmi fúnra mi.

Ní ọjọ́ Àìkú kan, lẹ́yìn ìsìn, ìyá kan dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì. Opó ni. Ẹ̀bá ọjà Ládìpọ̀ níhìn-ín ni ó ti ń ta ìrẹsì àti ẹ̀wà fún àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Ó ní ìjì ti ká páànù orí kíláàsì ọmọ òun láti ìgbà òjò, pé wọ́n ti kó kíláàsì méjì pọ̀ sínú yàrá kan, àti pé ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ni ọmọ náà ń jókòó sí. Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ni ó gbé e wá. Ohun tí ó gbé e wá ni pé ọmọ náà, tí kò ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ, ti ń sá fún ilé ìwé. Bí ó bá ti wọ aṣọ ilé ìwé jáde nílé, ọ̀dọ̀ àwọn tí ń tú ẹ́ńjìnnì nínú ọjà ni ó ń gbà lọ. Ó ń bá wọn fi pẹtiróòlù fọ nọ́ọ̀tì, wọ́n sì ń fún un ní owó oúnjẹ. Nígbà tí ìyá rẹ̀ nà án, èsì tí ó fọ̀ ni pé, "Níbẹ̀ yẹn, mo ń rí àpótí jókòó lé."

Ìyá náà wá ní, "Pásítọ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa dé ọ̀dọ̀ àwọn tí ó ni ilé ìwé náà."

Mo dáhùn pé kò burú, a ó jọ lọ ní ọjọ́ Ajé. Ìgbà tí mo délé ni mo tó mọ̀ pé n kò mọ ọ̀dọ̀ ẹni tí a ń lọ. Mo ti jókòó sí kíláàsì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì Bíbélì, mo sì lè ka orúkọ àwọn ọba Júdà láti orí Réhóbóámù títí dé orí Sedekáyà láìwo ìwé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ilé ìwé tí ó wà ní òpópónà kejì sí ṣọ́ọ̀ṣì mi, n kò mọ̀ ọ́n.

Àwa márùn-ún ni a lọ ní ọjọ́ Ajé náà. N kò ní dárúkọ àwọn ọ́fíìsì tí a dé, nítorí àwọn tí ó wà níbẹ̀ kò ṣẹ̀ wá. Èyí àkọ́kọ́ fún wa ní àga, wọ́n fún wa ní omi, wọ́n sì sọ pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé kì í ṣe ibẹ̀. Èkejì ní kí a kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n kí a má kọ ọ́ sí àwọn. Ní ẹ̀kẹta, wọ́n ní ilé ìwé gíga nìkan ni ó kan àwọn, pé tiwa jẹ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni a fi rìn. Bí a bá ṣe àkójọ owó dánfó tí àwọn ìyá wọ̀nyẹn ná, ì bá ti ra páànù mélòó kan. Èmi tí mo jẹ́ olórí wọn ni mo ṣì wọ́n lọ́nà. Nítorí náà ni mo ṣe fi ara balẹ̀ wádìí ohun tí mo fẹ́ kọ síhìn-ín yìí, kí ẹlòmíràn má baà rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ YÌÍ TI PẸ́ NÍLẸ̀

Ọwọ́ ìjọ Ọlọ́run ni ilé ìwé ti bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ wa. Àwọn Mẹ́tọ́díìsì ni wọ́n dá èyí àkọ́kọ́ sílẹ̀ ní Badagry ní ọdún 1843. Ó di ọdún 1887 kí ìjọba àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Èkó tó ṣe òfin ẹ̀kọ́ tí ó jẹ́ ti Èkó gan-an, tí wọ́n sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ tí yóò máa pín owó ìjọba fún ilé ìwé tí ó bá yege. Ìgbìmọ̀ yẹn ni ìyá àgbà gbogbo bọ́ọ̀dù ẹ̀kọ́ tí a ní lónìí. Gómìnà ni ó ń yan àwọn ará ìlú tí ó bá jókòó síbẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí a ó padà dé ibẹ̀.

Àdúgbò wa yìí ní ìtàn tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn ọ̀dọ́ wa kò mọ̀ pé Mushin kò sí lábẹ́ Èkó títí di ọdún 1967 tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Ìwọ̀-Oòrùn ni a wà, Ìbàdàn sì ni olú-ìlú wa. Nígbà tí ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣí ilé ìwé ọ̀fẹ́ ní ọjọ́ 17 oṣù January ọdún 1955, tí Olóyè Awókọ̀yà jẹ́ mínísítà ẹ̀kọ́, ọmọ Mushin wà nínú rẹ̀. Yábà àti Èkó, tí wọ́n wà lábẹ́ Ìjọba Àpapọ̀, dúró di ọdún 1957 kí tiwọn tó dé. Nígbà mìíràn, ẹ̀yin ìdílé mi, ó dára kí ènìyàn wà ní òdìkejì ààlà! Iye ọmọ tí ó wà ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn jẹ́ 456,600 ní ọdún 1954. Ní ọdún 1955 ó di 811,432.

Ìjọba Ìbàdàn kò lè máa ti Ìbàdàn ka bẹ́ǹṣì tí ó wà ní Mushin. Nítorí náà, yàtọ̀ sí àwọn ilé ìwé tí ó jẹ́ ti ìjọ, àwọn káńsù ìbílẹ̀ ni òfin fi ṣe alákòóso ẹ̀kọ́ ní àdúgbò wọn. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà fi ń rántí ilé ìwé tí "L.A." wà lára orúkọ rẹ̀, tàbí "I.M.G." ní Ìbàdàn. Ìjọba ìbílẹ̀ ni lẹ́tà wọ̀nyẹn ń tọ́ka sí. Bí òrùlé bá ká ní ayé ìgbà náà, káńsù ni bàbá wa ń lọ, ó sì mọ káńsílọ̀ tí òun dìbò fún.

Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí wà lára àwọn ọmọ tí ó wọ ilé ìwé ní oṣù September ọdún 1976, nígbà tí ìjọba Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ gbé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ káàkiri Nàìjíríà. A pọ̀ bí eéṣú. Àwọn kan ń lọ ní àárọ̀, àwọn kan ní ọ̀sán. Ọ̀sán ni tèmi. A máa dúró nínú oòrùn ní ẹnu géètì títí àwọn ti àárọ̀ yóò fi jáde, àga tí a bá sì jókòó lé a ṣì gbóná láti ara ẹlòmíràn. Alhaji Lateef Jákáńdè, tí ó di gómìnà ní ọdún 1979, ni ó fi òpin sí i. Ó kọ́ kíláàsì ní kíákíá, kíláàsì kúkúrú, tí àwọn kan ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ilé adìyẹ ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Nínú ilé adìyẹ yẹn ni mo ti kọ́ bí a ti ń pín dẹ́símà.

Ní àkókò Jákáńdè kan náà ni ohun kan ṣẹlẹ̀ tí ó kàn wá gẹ́gẹ́ bí ìjọ. Ní ọdún 1980 ìjọba rẹ̀ pàṣẹ pé kí ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni di títì. Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Okogie ti ìjọ Kátólíìkì gbé e lọ sí kóòtù, kóòtù sì dá a láre pé ẹni tí kì í ṣe ìjọba náà lè dá ilé ìwé sílẹ̀. Mo yọ̀ fún ìdájọ́ yẹn títí di òní. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a sọ òótọ́ fún ara wa. Ẹnu ọ̀nà tí kóòtù ṣí yẹn ni ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a lówó díẹ̀ gbà kó àwọn ọmọ wa jáde kúrò ní ilé ìwé ìjọba. Bí a sì ti ń kó ọmọ jáde ni a ń kó ẹnu wa jáde pẹ̀lú. Ẹni tí ó kù níbẹ̀ ni opó tí ń ta ìrẹsì.

Lẹ́yìn èyí, àkóso ilé ìwé wá di bọ́ọ̀lù. Ní ọdún 1988 ìjọba ológun dá àjọ kan sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní gbogbo Nàìjíríà. Ní ọdún 1991 wọ́n tú u ká, wọ́n sì fi ilé ìwé lé àwọn ìjọba ìbílẹ̀ lọ́wọ́ pátápátá. Àwọn tí ó jẹ́ tíṣà nígbà náà kò nílò kí n ránni létí. Oṣù ń parí, owó kò wá. Àwọn tíṣà da iṣẹ́ sílẹ̀, àwọn ọmọ jókòó sílé. Ní ọdún 1993, nípa Òfin 96, wọ́n dá àjọ náà padà, pẹ̀lú bọ́ọ̀dù kan ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan àti ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ kan ní ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Láti ara ìjàngbọ̀n yẹn ni ètò tí a ń lò lónìí ti yọ. Ààrẹ Ọbásanjọ́ ṣí ètò Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ fún Gbogbogbò ní Sókótó ní oṣù September ọdún 1999, òfin rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2004.

BÍ ÀGA WỌN TI TÒ

Ẹ rántí bí Jẹ́tírò ti bá Mósè wí nígbà tí gbogbo ènìyàn tò sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ láti àárọ̀ di alẹ́. Ó ní kí ó yan olórí ẹgbẹ̀rún, olórí ọgọ́rùn-ún, olórí àádọ́ta àti olórí mẹ́wàá. Ètò tí mo fẹ́ là sílẹ̀ yìí jọ ọ́. Ìṣòro tiwa ni pé olórí ẹgbẹ̀rún ni gbogbo wa fẹ́ rí, a kò wá olórí mẹ́wàá tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa.

Ní òkè pátápátá, ní Àbújá, ni àjọ tí wọ́n ń pè ní UBEC wà. Òun ni ó ń mú owó Ìjọba Àpapọ̀ lọ́wọ́ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Àjọ yìí kò ní ilé ìwé kankan ní Mushin, kò sì ní tíṣà kankan níbẹ̀. Ẹ má ṣe kọ lẹ́tà páànù sí Àbújá.

Ní Èkó, ilé iṣẹ́ ìjọba fún ètò ẹ̀kọ́ wà ní Aláùsá, kọmíṣọ́nà sì ni olórí rẹ̀. Ìlànà ni tirẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ni ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ gan-an ni bọ́ọ̀dù tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí SUBEB, tí ọ́fíìsì àgbà rẹ̀ wà ní Maryland. Ìgbìmọ̀ Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ ti Ìpínlẹ̀ ni a lè pè é. Òun ni ó ń gba tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sí iṣẹ́, tí ó ń gbé wọn láti ilé ìwé kan lọ sí òmíràn, tí ó ń gbé wọn ga, tí ó sì ń fi ìyà jẹ ẹni tí ó bá ṣẹ̀. Òun ni ó ń kọ́ kíláàsì, tí ó ń tún un ṣe, tí ó ń fúnni ní àga àti ìwé. Ilé ìwé tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ lé ní ẹgbẹ̀rún kan. Ní ọdún 2020, nígbà tí ẹ rí i tí àwọn tíṣà bẹ̀rẹ̀ sí í mú ẹ̀rọ pẹlẹbẹ dání kọ́ ọmọ, tí wọ́n pe ètò náà ní EKOEXCEL, bọ́ọ̀dù yìí ni ó wà nídìí rẹ̀. Alága kan àti àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ ni wọ́n jókòó lórí rẹ̀, gómìnà ni ó sì ń yàn wọ́n. Kò sí ẹni tí ó dìbò fún wọn. Bí ó ti rí ní ọdún 1887 náà nìyẹn.

Lábẹ́ SUBEB ni ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ti ìjọba ìbílẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà, Akọ̀wé Ètò Ẹ̀kọ́ sì ni olórí rẹ̀. Ogún ni wọ́n ní gbogbo Èkó, nítorí ogún ni ìjọba ìbílẹ̀ tí ìwé òfin Nàìjíríà mọ̀. Ibí yìí ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀ wa ti ń yọ̀. Láti ọdún 2003 ni Ìpínlẹ̀ Èkó ti fi káńsù ìdàgbàsókè mẹ́tàdínlógójì kún àwọn ogún yẹn. Nítorí náà, ní àdúgbò wa, ẹlòmíràn ń san owó rẹ̀ fún Mushin, ẹlòmíràn ń san án fún Odi-Olówó Ojúwòyè, ó sì ń rò pé alága káńsù tí òun ń sanwó fún ni ó ni ilé ìwé. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni ti Mushin, ó sì kárí gbogbo wa. Ọ́fíìsì yìí ni ó ń bẹ ilé ìwé wò, tí ó ń mọ̀ bí tíṣà kò bá wá, tí ìròyìn àwọn ọ̀gá ilé ìwé ń kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ó tó lọ sí Maryland. Ìlẹ̀kùn tí ó yẹ kí n kàn ní ọjọ́ Ajé náà nìyẹn, ọ̀nà rẹ̀ kò sì jìnnà sí wa.

Ọmọ tí ó bá ti parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti bọ́ sí ọwọ́ ẹlòmíràn. Ẹkùn ẹ̀kọ́ mẹ́fà ni Èkó ní fún ilé ìwé girama, kékeré àti àgbà. Ẹkùn Kẹfà ni ti Mushin, pẹ̀lú Òṣòdì-Ìsọlọ̀ àti Ìkẹjà, Òṣòdì sì ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Sùúrùlérè, ní Yábà àti ní Àpápá, Ẹkùn Kẹrin ni tiyín, ní Sábó. Ẹni tí ó ń darí ẹkùn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń pè ní Tutor-General. Bí ìyá kan bá ní ọmọ méjì, ọ̀kan ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kẹrin, èkejì ní girama kejì, ọ̀gá méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ó ní, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ògiri kan náà ni ó pààlà ilé ìwé méjèèjì.

OWÓ

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí ibí yìí. Òfin ọdún 2004 ya ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún owó tí ó bá wọ àpò Ìjọba Àpapọ̀ sọ́tọ̀ fún ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í kó o fún ìpínlẹ̀ bẹ́ẹ̀ lásán. Ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbé iye tirẹ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ìpínlẹ̀ kò bá gbé tirẹ̀ wá, ti Àbújá yóò jókòó síbẹ̀ lásán, àwọn ọmọ yóò sì jókòó sílẹ̀. Owó kíláàsì, ti ìwé àti ti ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tíṣà nìyí. Kì í ṣe owó oṣù.

Owó oṣù tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń wá láti ara owó tí ó tọ́ sí ìjọba ìbílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń mú un láti inú àpò kan tí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ jọ ní, kí èyí tí ó kù tó dé ọwọ́ àwọn alága. Ní ọjọ́ 11 oṣù July ọdún 2024, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dájọ́ pé kí owó ìjọba ìbílẹ̀ máa lọ sí ọwọ́ wọn tààrà. Inú ọ̀pọ̀ ènìyàn dùn. Ẹgbẹ́ àwọn tíṣà, NUT, kò jó. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ láàrin 1991 sí 1993 ni wọ́n rántí, wọ́n sì ké gbàjarè pé kí ẹnikẹ́ni má dá owó oṣù àwọn padà sọ́wọ́ àwọn alága nìkan. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bí ó bá rí ekòló, yóò sá.

Òfin kan náà sọ pé ọ̀fẹ́ ni ilé ìwé yìí. Ẹni tí ó bá gba owó ilé ìwé lọ́wọ́ òbí lè san owó ìtanràn tí kò ju 10,000 náírà lọ, tàbí kí ó ṣẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Ó kan òbí náà. Òbí tí kò bá jẹ́ kí ọmọ lọ sí ilé ìwé, wọn yóò kọ́kọ́ bá a wí. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀kejì, 2,000 náírà ni tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù kan, tàbí méjèèjì. Mo ka èyí fún opó wa, nítorí mo fẹ́ kí ó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọmọ tí ń fọ nọ́ọ̀tì kì í ṣe eré. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Pásítọ̀, páànù ńkọ́? Ẹ̀wọ̀n oṣù mélòó ni tirẹ̀?" N kò rí èsì fún un.

BÍ ÀWỌN ẸLÒMÍRÀN TI Ń ṢE É

Arákùnrin kan tí ó ti inú ìjọ wa lọ sí Chicago ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ Yorùbá wà, ṣàlàyé tiwọn fún mi lórí tẹlifóònù. Láti ọdún 1995, olórí ìlú náà ni ó ń yan bọ́ọ̀dù ẹ̀kọ́, bí gómìnà ti ń ṣe níhìn-ín. Àwọn òbí jà fún un pé àwọn fẹ́ dìbò. Ní oṣù November ọdún 2024 ni wọ́n kọ́kọ́ dìbò yan mẹ́wàá, tí olórí ìlú sì yan mọ́kànlá. Ètò wọn ni pé láti oṣù January ọdún 2027, mọ́kànlélógún náà ni ìlú yóò ti fi ìbò yàn.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí ni ó wú mi lórí. Láti ọdún 1989 ni ilé ìwé ìjọba wọn kọ̀ọ̀kan ti ń ní ìgbìmọ̀ kékeré tirẹ̀, òbí ni ó sì pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ìgbìmọ̀ yìí ni ó ń yan ọ̀gá ilé ìwé. Arákùnrin wa ní, àjèjì tí kò tíì di ọmọ ìlú wọn pàápàá lè dìbò níbẹ̀, bí ó bá ṣáà ti ní ọmọ ní ilé ìwé náà. Ó ní òun dìbò. Mo bi í léèrè bóyá ó ti lọ sí ìpàdé òbí kan rí nígbà tí ó wà ní Mushin. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n jẹ́ kí a gbàdúrà.

ÀGA TÍ Ó ṢÓFO

Ẹ̀yin ará, a ní irú ìgbìmọ̀ bẹ́ẹ̀. Agbára tirẹ̀ kò tó ti Chicago, nítorí kì í yan ọ̀gá ilé ìwé. Ṣùgbọ́n láti ọdún 2005 ni àpapọ̀ àwọn kọmíṣọ́nà ẹ̀kọ́ ní Nàìjíríà ti fọwọ́ sí i pé kí ilé ìwé ìjọba kọ̀ọ̀kan ní in. SBMC ni wọ́n ń pè é, Ìgbìmọ̀ Alákòóso Ilé Ìwé. Ó yàtọ̀ sí ẹgbẹ́ òbí àti tíṣà tí a mọ̀ sí P.T.A. Nínú tiwọn, òbí àti tíṣà nìkan ni. Nínú èyí, ọ̀gá ilé ìwé wà níbẹ̀, aṣojú tíṣà àti ti òbí wà níbẹ̀, àwọn baálẹ̀ àti àgbà àdúgbò, aṣojú àwọn obìnrin, àwọn oníṣẹ́ ọwọ́, àwọn tí ó jáde ní ilé ìwé náà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fúnra wọn, àti aṣojú ìjọ àti mọ́sálásí. Iṣẹ́ wọn ni láti mọ̀ bí tíṣà ń wá, bí ọmọ ń wá, kí wọ́n kọ ohun tí ilé ìwé ṣe aláìní sílẹ̀, kí wọ́n ṣọ́ agbaṣẹ́ṣe tí ó bá wá ṣiṣẹ́, kí wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ lọ sí ọ́fíìsì Akọ̀wé Ètò Ẹ̀kọ́. Èkó wà lára àwọn ìpínlẹ̀ mẹ́fà tí ètò ESSPIN, tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi owó ràn lọ́wọ́ láti 2008 sí 2017, ti kọ́ àwọn ìgbìmọ̀ wọ̀nyí ní iṣẹ́ wọn.

Àga kan wà níbẹ̀ fún ìjọ. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́.

Nígbà tí mò ń wá ìwé tí n ó fi kọ lẹ́tà páànù, mo tú dúrọ́wà mi. Mo rí àpòòwé kan níbẹ̀, ó ti pọ́n létí. Ìyá tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé ìwé náà ni ó kọ ọ́ sí gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́sálásí àyíká pé kí a fi aṣojú ránṣẹ́ sí ìgbìmọ̀ náà. Ọjọ́ tí ó wà lórí rẹ̀ ti lé ní ọdún méjì. Mo ti kà á nígbà tí ó dé, mo sì ti gbé e sí dúrọ́wà, nítorí ilé ìwé aládàáni ni àwọn ọmọ tèmi lọ, n kò sì rí ohun tí ó kàn mí níbẹ̀. Ní ọdún méjì yẹn, ìjì jà, páànù ká, wọ́n ṣe ìpàdé tí kò pé, àga tiwa sì ṣófo. Mo ti ń rìn kiri láti ọ́fíìsì dé ọ́fíìsì, lẹ́tà tí yóò fi ọ̀nà hàn mí sì wà lábẹ́ ìgbọ̀nwọ́ mi.

Nígbà tí a jókòó láti yan aṣojú, àwọn díákónì dárúkọ arákùnrin kan tí ó jẹ́ akáǹtáǹtì. Ènìyàn rere ni, ṣùgbọ́n kò ní ọmọ níbẹ̀, Lékí ni ó sì ti ń ṣiṣẹ́, kì í délé kí ilẹ̀ tó ṣú. Mo ní opó wa ni kí a rán. Ẹnìkan ní kò gbọ́ Òyìnbó. Mo bi í pé ṣé Òyìnbó ni ó ká páànù? Yorùbá ni wọ́n fi ń ṣe ìpàdé náà, ó kàn jẹ́ pé a kò lọ rí ni a kò ṣe mọ̀.

Ọwọ́ rẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ ti yípadà. Lẹ́tà tèmi jẹ́ ojú ewé méjì, ó kún fún ẹkún, kò sì sí iye kankan nínú rẹ̀. Tiwọn jẹ́ ojú ewé kan: iye ọmọ tí ó wà nínú yàrá kan, iye bẹ́ǹṣì tí ó kù, iye páànù tí káfíńtà àdúgbò ní yóò tó o, fọ́tò mẹ́ta, àti àkọsílẹ̀ láti inú rẹ́jísítà pé iye ọmọ tí ń wá ti dín kù láti ìgbà tí ìjì jà. Ọ̀gá ilé ìwé fọwọ́ sí i, alága ìgbìmọ̀ fọwọ́ sí i, wọ́n gbé e lọ sí ọ́fíìsì Akọ̀wé Ètò Ẹ̀kọ́, wọ́n sì gba ẹ̀dà tí wọ́n lu òǹtẹ̀ sí. Ó gba táàmù kan kí àwọn tí yóò wọn ilé náà tó wá. Ó tún gba táàmù mìíràn kí páànù tó dé, ó sì jẹ́ pé bùlọ́ọ̀kù kan ni wọ́n ṣe, èkejì ṣì wà bẹ́ẹ̀. Láàrin àkókò yẹn, àwọn tí ń ta sípíà páàtì ní Ládìpọ̀ dá owó jọ, wọ́n fi ra bẹ́ǹṣì. Ọ̀gá tí ọmọ náà ń bá fọ nọ́ọ̀tì wà lára wọn. Òun fúnra rẹ̀ ni ó ní kí ọmọ má ṣe wá sọ́dọ̀ òun mọ́ bí kì í bá ṣe ọjọ́ Àbámẹ́ta.

Ọmọ náà ti wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ karùn-ún báyìí. Ìyá rẹ̀ ni ó ń tọ́jú ìwé tí wọ́n ń kọ ọ̀rọ̀ ìpàdé sí, ọmọ ni ó sì ń bá a kọ ọ́ bí ó bá délé. Ìpàdé tí ń bọ̀ dá lórí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn ọmọbìnrin. Ní ọjọ́bọ̀ tí ó kọjá ó wá sí ọ́fíìsì mi láti tọrọ bírò àti ìwé gbàràmù-gbaramu kan, ó ní òun fẹ́ lọ ka iye ihò tí ó ṣì dára àti iye ọmọbìnrin tí ń lò ó, kí ọjọ́ ìpàdé tó pé.